Ẹ̀ Bá Ti Ní Ẹ Ò Mọ̀

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí gbólóhùn kan ti kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ SS3, ó wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ nínú ọgbà ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún mi, ní Ìbàdàn, ló sọ ọ́. Ó sún mọ́ mi, ó wẹ̀yìn wò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ẹ̀ bá ti ní ẹ ò mọ̀."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ló ṣe é. Ó rí mi bí mo ṣe jáde láti ọ́fíìsì pẹ̀lú kọ́ìlì tó ti kú, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì ọkọ̀ níná, nínú ọ̀rá dúdú, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó la ẹnu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀. Títí mo fi dé Ìtawúrẹ́, mi ò tan rédíò.

Ìwé tí mo fi ọkàn tẹ̀

Ìwé wárántì, ìyẹn àdéhùn pé àwọn tó ta ọkọ̀ ló máa tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, wà lára ohun tó mú kí n ra ọkọ̀ náà. Tokunbọ̀ mẹ́ta ni mo ti lò rí, ẹni tó bá sì ti lo tokunbọ̀ lójú ọ̀nà Àdó sí Àkúrẹ́ mọ ohun tí mo ń wí. Ó rẹ̀ mí. Nígbà tí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláàjẹṣẹ́kù kàn mí, mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mọ́kànlá lé e, mo ra tuntun. Ọkọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi gan-an ni mo fi ya ọ̀rá kúrò lórí àga rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé: àdéhùn wọn nìyẹn. Èmi náà ní tèmi láti ṣe. Ní gbogbo 5,000 kìlómítà, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá wọn ní Ìbàdàn fún sáfíìsì. Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, Ìtawúrẹ́, Ẹ̀fọ̀n, Iléṣà, Ifẹ̀: mo mọ àwọn kòtò ọ̀nà yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí mo ń jó lọ-bọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó sáfíìsì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fo ẹyọ kan. Òǹtẹ̀ wọn wà nínú ìwé mi, mẹ́fà ní títò.

Iná tó ń ṣẹ́jú

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, mò ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ọkọ̀ ti rin 31,000 àti díẹ̀. Kí òkè Olósùnta tó yọ sí mi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Iná aláwọ̀ òféèfé tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú mi. Mo kúrò lójú títì, mo pe Ìbàdàn.

"Ẹ má dààmú ara yín, ma, wárántì yín ṣì wà. Ẹ ṣáà máa wà á bọ̀."

Mo ṣí ìwé tí àwọn kan náà fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí iná yẹn bá tàn tí kò ṣẹ́jú, kí n tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá ń ṣẹ́jú, kí n má wà á lọ mọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì yìí ní sìlíńdà mẹ́rin, ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò jó epo tó wọ inú rẹ̀, epo náà á gba ọ̀nà èéfín jáde, á lọ gbiná nínú katalísìtì tó ń fọ èéfín mọ́, ooru á sì yọ́ inú rẹ̀. Katalísìtì wọ́n ju kọ́ìlì lọ fíìfíì. Ojú ewé mìíràn nínú ìwé kan náà sọ pé wárántì kò kan ohun tó bá bàjẹ́ nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ ń wà á lọ lẹ́yìn tí iná ti kìlọ̀ fún un. Ó tún sọ pé owó gbígbé ọkọ̀ dé ọgbà wọn kò sí lọ́rùn wọn. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀. Iye tí wọ́n pè láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìbàdàn ju ìdajì owó oṣù mi lọ.

Ẹ bá mi wò ó. Ẹnu kan náà ló ní kí n wà á bọ̀, òun náà ló ní mi ò gbọdọ̀ wà á.

Nọ́ḿbà 1 di nọ́ḿbà 2

A fi okùn wọ́ ọkọ̀ padà sílé ní Àdó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní físíìsì ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn ti di réwáyà ní Ajílósùn. Mo pè é. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó kì í bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tan fóònù rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ máa ní irú ojú ihò kan náà, kí ọkọ̀ lè máa fi àmì kan náà sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni réwáyà ní Ajílósùn fi lè bi ọkọ̀ mi léèrè ọ̀rọ̀ kó sì dáhùn.

Ó dáhùn: P0301. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà, 03 fún ètò iná tó ń jó epo àti àìjó rẹ̀, 01 fún sìlíńdà kìíní. Ọkọ̀ ti sọ ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo.

"Ṣe ni ká yọ kọ́ìlì rẹ̀ ká gbé e sórí òmíràn wò, ma." Ó wá fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án o. Wárántì yín á bàjẹ́. Wọ́n á ní mẹkáníìkì ìta ti dé ibẹ̀."

Mo wò ó. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ẹ̀rù ìwé tí kò tíì kà rí ń bà á. Mo ní kó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kọ́ìlì. Ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á: wáyà tó nípọn tí wọ́n wé ní ìwọ̀nba, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, irin láàárín wọn. Bí iná 12 fóòtì láti inú bátìrì bá já lójijì nínú ti àkọ́kọ́, ìkejì á bí iná tó ju 20,000 fóòtì lọ, òun ló máa fò kọjá ẹnu plọ́ọ̀gì. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fi ṣe WAEC. Èmi tí mo kọ́ wọn kò gbé ọ̀kan lọ́wọ́ rí.

Ọmọ náà ní kí n dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, kí n tú orí bátìrì ná. Bóòtù kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú, sípánà nọ́ḿbà 10 ló ń tú u. "Ẹ rọra, ma," ó ní, "ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òwe tí mo máa ń pa fún wọn ní láàbù ló fi dá mi lóhùn. Mo tẹ etí ìdè wáyà rẹ̀, ó já. Mo yí kọ́ìlì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, mo fà á jáde: ó gùn bí ọwọ́ ọmọdé, rọ́bà dúdú wà nídìí rẹ̀. Mo gbé ti sìlíńdà kìíní sí ìkejì, mo gbé ti ìkejì sí ìkíní. Mo dè wọ́n. Ó pa àmì àtijọ́ rẹ́. Mo ta ọkọ̀, ó tún gbọ̀n. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

P0302.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Ìyá tó ń gbé ní ìyàrá ẹ̀yìn sáré jáde, ó rò pé iná ló gbé mi. Àìsàn náà ti bá kọ́ìlì ṣí lọ. A yí ohun kan ṣoṣo padà, èsì sì yí padà tẹ̀ lé e. Àbá ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀rí ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ya fóònù náà ní fọ́tò, P0301 àti P0302, pẹ̀lú aago lókè wọn. Mo dúró sínú òkùnkùn pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni bàbá mi.

Tíṣà lòun náà. Owó Údójì ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ jọ, nígbà tí àwa ọmọ sì fi máa mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ náà ti dàgbà. Dísíbítọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ló ní, pẹ̀lú kọ́ńtáàtì kékeré méjì tó ń pàdé tó ń pínyà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láarọ̀, bàbá á ṣí i lẹ́yìn, á fi sáńpépà tín-ín-rín fọ ojú kọ́ńtáàtì, á fi páálí ìṣáná wọn àyè àárín wọn. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò lé mi sẹ́yìn rí nítorí pé mo jẹ́ obìnrin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Ṣé o rí i?" Bí mi ò bá rí i, á tún ṣí i.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí kọ́ìlì tuntun rà ní Àkúrẹ́. Mo fi í sí i, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo tọ́jú èyí tó kú àti rìsíìtì. Nígbà tí ọkọ̀ pé 35,000 tí sáfíìsì keje tó, mo kó wọn dání lọ sí Ìbàdàn.

"Ta ló tú u?"

Ọmọlúàbí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn, kí n tètè sọ ìyẹn. Ó kí mi, ó fún mi lómi tútù. Mo ṣàlàyé. Ó gbé kọ́ìlì, ó yí i padà, ó jáde lọ wo ẹ́ńjìnnì, ó dé.

"Ta ló tú u, ma?"

"Èmi ni."

Ó gbé bírò dúró. "Àbí ọ̀nà kan ni ẹ wà tí ẹ kàn bá ẹnì kan pàdé, tí ẹ ò mọ ohun tó ṣe sí i?"

Lónìí mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún mi. Nígbà náà mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ni kò yé e. Mo tún un sọ: èmi ni, pẹ̀lú sípánà nọ́ḿbà 10, nínú ọgbà ilé mi, ẹ̀rí mi nìyí. Mo fi fọ́tò méjèèjì hàn án. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó mọ ohun tí wọ́n jẹ́, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ nǹkan tí mo sọ sílẹ̀, ó gbé e wọ inú lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ìwé tó mú jáde sọ nǹkan méjì. Wọn kò ní san owó kọ́ìlì. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Mo ti san án, mo sì ti gbàgbé rẹ̀. Ìkejì ni pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ètò iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ti bọ́ kúrò lábẹ́ wárántì láti ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ẹni tí wọn kò fọwọ́ sí ti fọwọ́ kàn án. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó ṣí ìwé náà sí apá ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti wínníwínní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìpínrọ̀ náà kó tó yé mi.

"Kọ́ìlì yìí ti kú kí n tó fọwọ́ kàn án," mo ní.

"Mo gbà yín gbọ́, ma. Ẹ má bínú. Ìwé ni mò ń tẹ̀ lé."

Mo jáde, mo pàdé ẹni tó ń fọ ọkọ̀.

Ẹni tó dúró fún ni

Kí ẹgbẹ́ aláàjẹṣẹ́kù tó yá mi lówó ọkọ̀ yìí, wọ́n ní kí n mú onídùúró méjì wá. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níléèwé ló fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí yé wọn: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù kan, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ bá mi jà, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti san án ni. Ìtumọ̀ kí ènìyàn dúró fún ènìyàn nìyẹn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Wárántì jẹ́ kí n rò pé òun ni onídùúró ọkọ̀ mi. Lọ́jọ́ ọ̀ràn, òdìkejì tábìlì ló jókòó sí, ó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Ẹ̀dùn tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń fọ ọkọ̀, ó sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí i. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n máa ń san owó fún. Ẹni tó mọ̀, tó sì díbọ́n pé òun ò mọ̀, wọ́n á san fún òun náà. Ẹni tó mọ̀ tó sì sọ ọ́ nìkan ló máa jẹ gbèsè. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọgbà yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, láti orí ẹni tó wọ táì dé orí ẹni tó di rọ́bà omi mú, ó sì ń dùn wọ́n fún mi.

Tíṣà ni mí. Owó tí wọ́n ń san fún mi lóṣooṣù, kí àwọn ọmọ lè kúrò nínú "mi ò mọ̀" ni. Mo kọ̀ láti gbà pé "mi ò mọ̀" ni iye tí a fi ń ra ààbò.

Mo mọ ohun tí ilé iṣẹ́ máa ń rí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá so wáyà rẹ̀, mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rọ omi lé gbígbóná. Kò sí ẹni tó yẹ kó san owó irú ìyẹn fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀: ohun tí ọwọ́ mi bàjẹ́, èmi ni kí n san án, ohun tó ti bàjẹ́ kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, àwọn ni. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ mi ló fà á, kí àwọn fi hàn. Láti 1975 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin kan, Magnuson-Moss, tó kọ̀ fún ẹni tó ta ọjà láti sọ pé wárántì òun já nítorí pé ẹni tó rà á lo páátì tàbí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti òun, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ń fún oníbàárà ní páátì tàbí iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti 2018. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, kí ìwé tí wọ́n bá fún oníbàárà sì wà ní èdè tí yóò yé e. Ìpínrọ̀ tí mo kà ní ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà láti bèèrè ẹni tí wọ́n rò pé yóò yé. Bí wọn ò bá dáhùn, àjọ tó ń mójú tó òfin náà ni mo máa kọ̀wé sí tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. Ìwé wọn kò kan ohun tí epo burúkú bá bàjẹ́. Ní February 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹtanó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ta ló lè dúró nídìí pọ́ǹpù ní Fájuyì kó mọ èyí tó wà nínú táǹkì? Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba rìsíìtì epo.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n mi ò sọ ara mi di mẹkáníìkì. Mi ò ní fọwọ́ kan bíréèkì, mi ò sì ní sún mọ́ àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú sitíárìn. Ìbọn ni ìyẹn bó bá bú gbàù sójú ènìyàn. Bí ohun kan bá wà tí ilé iṣẹ́ ṣì gbà láti ṣe fún mi, n ó gbé e lọ fún wọn. Owó mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n ó ti wo ọkọ̀ mi kí n tó kúrò nílé, n ó sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo gbé kọ́ìlì tó kú náà lọ sí kíláàsì. Réwáyà mi bá mi fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wáyà rẹ̀ hàn, bí irun orí. Àwọn ọmọ gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, fi èékánná tọ́ wáyà náà, ó ní: "Ma, gbogbo èyí tí a yà yẹn, ó kéré tó báyìí?" Wọn kò fẹ́ kí agogo lù.

Mo ra ìwé kan, mo fi í sínú ọkọ̀. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí i ni mò ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí mo pààrọ̀, ibi tí mo ti rà á, ẹni tó ṣe é. Ní Sátidé tó kọjá mo kọ ìlà tuntun kan: 36,870, fítà afẹ́fẹ́, Àdó, èmi ni. Sáfíìsì tó kàn, 40,000 ni. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá tún bi mí ní "ta ló tú u," n ó ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.